Ẹ Má Wọ Àfonífojì Òdòdó Búlúù

Kerryn,

Mo ti ṣáájú lọ sí ibi tí ẹ ó gbé mọ́tò sí, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín má baà wọ àfonífojì tí mo ṣèlérí láti mú yín lọ wo òdòdó lónìí.

Mo kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ ní ìdájí. Des tó ń ṣọ́ igbó ló pàdé mi. "Màmá, ẹ tún ti dé. Ṣé ẹ ti fọ bàtà?" Mo ní mo ti fọ̀ ọ́. Ló bá nawọ́ sí àwọn igi tó gbẹ lórí ìdúró. "Àwọn tó kọjá níhìn-ín ò fọ tiwọn. Erùpẹ̀ abẹ́ bàtà wọn ló kó àrùn wá."

Àfonífojì yẹn nìkan ni kò tíì ràn dé.

Tètè pe Lorna kó tó kúrò ní Albany. Sọ fún un pé etí omi, lórí iyanrìn, la ó gbà. Yóò bínú nítorí kámẹ́rà rẹ̀ tuntun. Kó bínú sí mi.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní Glasgow, ibẹ̀ ni mo máa ń rántí bí oorun bá dá lójú mi. Láàárọ̀ yìí, mo dúró lẹ́yìn okùn tí Des ta, mo wò ó lókèèrè, mo sì yíjú padà.

Àǹtí rẹ, Maeve