Ilẹ̀ Kò Yọ̀

Agboolé Yínúsà,
Dougouba, Bouaké.
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Fadila ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìdúró ojoojúmọ́ nínú ilé oògùn tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Abidjan yẹn. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé orí fífọ́ tí o sọ lóṣù tó kọjá ti lọ, àti pé o ń fi nǹkan sẹ́nu kí o tó jáde láàárọ̀. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, bàbá rẹ wà ní àlàáfíà. Ìyá àgbà ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ara wọn le ju tèmi lọ. Èmi náà wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì wúwo, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí n sùn.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láàárọ̀ àná. Mo mọ ẹnu ara mi ni. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, tí o ní "Maman, pẹ̀lẹ́ o," irọ́ náà ni màá tún pa. Bébà kò lè bá mi kẹ́dùn, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tì í. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí Faransé mi kò tó ọ̀rọ̀ yìí gbé. Ó ṣe tán, èmi ni mo kọ́ ọ ní a-b-d lórí tábìlì ilé ìdáná, bí o tilẹ̀ ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ náà rèé, kí n má baà máa yí i po. Ilẹ̀ kò yọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú, ilẹ̀ yàrá mi gbẹ táútáú. Ramatou kò ṣe mí ní nǹkan kan. Èmi ni mo kúnlẹ̀.

O rántí ohun tí dókítà sọ fún èmi àtìrẹ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìgbáròkó mi. Oṣù mẹ́ta gbáko, kí n má jókòó sórí àpótí kúkurú, kí n má fẹsẹ̀ kọ́ra, kí n má tẹ̀ ba mú nǹkan nílẹ̀, kí n má lóṣòó, kí n má kúnlẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ sínú ìwé, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi. Láràárọ̀ ni mò ń kà á. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

O ti lọ kàwé ní Abidjan nígbà tí Nourou àbúrò bàbá rẹ gbé Ramatou wọlé ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, nítorí náà o kò rí bí ó ṣe dé. Anago ni, Yorùbá bíi tiwa, ṣùgbọ́n Marabadiassa ni wọ́n bí i sí, ilé-ìwé Faransé ló lọ. Orí ìdúró ló ti kí mi ní "Bonjour, tantie," tí ó na ọwọ́ sí mi. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní, "Orúnkún méjèèjì, Ramatou, kì í ṣe ọ̀kan. Má wo ojú àwọn àgbà. Má sáré dìde, dúró kí wọ́n ní kí o dìde." Á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyálé mi, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ràkúnmí ni?" Nígbà náà, mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹni tí kò tíì mọ nǹkan ṣe.

Nígbà tí o fi mọ́tò gbé mi padà wálé láti ilé ìwòsàn, òun ló ń dáná, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ìkòkò mi lọ́jà, òun ló ń wẹ̀ mí. Gbogbo ènìyàn ní kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan bàbá rẹ jẹ ọbẹ̀ ilá rẹ̀, wọ́n lá ìka, wọ́n ní, "Ramatou, ọbẹ̀ yìí mà dùn o!" Fadila, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń se ọbẹ̀ fún bàbá rẹ, "Ó dáa" ni ọbẹ̀ tèmi máa ń gbà. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀pá ìtilẹ̀ kan sílẹ̀, mo mú ẹyọ kan, mo wọ ilé ìdáná, mo sì dúró síbẹ̀ fún wákàtí méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹsẹ̀ náà wú bí iṣu. Hamed, kiné tí ó ń wá kọ́ mi ní ìrìn, tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó ní, "Maman, eegun yìí kò mọ̀ pé ìyálé ni yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìkan ló mọ̀."

Mo gbọ́, mo sì fi etí kejì tú u dànù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo wọ takisí lọ sí ọjà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi ni. Obìnrin Baoulé kan tí ó ti ń ra ìkòkò lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó bí ọ ló wọlé, ó kí mi, ó yọ̀ mọ́ mi, lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ramatou wá dà?" Orí àpótí kúkurú ni mo wà nígbà náà, èyí tí wọ́n ní kí n má jókòó lé. N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo jókòó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá àgbà, ìyá ọkọ mi, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni wọ́n wá wò, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí àga gíga láàárín àgbàlá, mo kí wọn láti ibẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, ẹsẹ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ní, "Jókòó, Ìyá Fadila, jókòó." Ramatou jáde láti ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, nínú iyẹ̀pẹ̀, ojú nílẹ̀. Kò mira. Ìyá àgbà wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọmọ yìí?" Mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni, ṣùgbọ́n Nourou ti yára dáhùn pé, "Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, ìyá." Wọ́n bi í ní oríkì rẹ̀, ó ní òun kò ní. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Láti ọjọ́ náà, "Àdùkẹ́ mi, bù mí lómi." "Àdùkẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?" Àṣàkẹ́ ni oríkì tèmi, Fadila. Bóyá ìwọ náà kò gbọ́ ọ rí, nítorí kò sí ẹni tí ó ń pè é nínú ilé yìí.

N kò mọ bí màá ṣe kọ owú náà sílẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gba tíì gbígbóná sẹ́nu lójú àwọn àlejò, tí kò lè tu ú, tí kò sì lè gbé e mì. Mo máa ń jí, màá ní kò sí mọ́. Màá gbọ́ "Àdùkẹ́ mi" láti àgbàlá, ó ti dé. Àgbàlagbà ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàdọ́ta, tí ó ka ìwé sẹ́kọ́ńdírì. N kò mọ̀ bóyá gbogbo ìyá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ ló rí bẹ́ẹ̀ tàbí èmi nìkan ni.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí mo ṣubú, mo ti pinnu pé láàárọ̀ Jímọ̀ màá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà lójú gbogbo ilé, pẹ̀lú eegun tuntun mi. Mo rò pé wọ́n á sunkún. Mo rò pé wọ́n á pè mí ní Àṣàkẹ́. Mo wá ní kí n kọ́kọ́ dán an wò. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, tí ìyá àgbà rẹjú, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ọ̀pá méjèèjì ti ògiri, mo tẹ́ ẹní ìrun, mo di etí ibùsùn mú. Mo sọ orúnkún òsì kalẹ̀. Mo sọ ọ̀tún kalẹ̀. Kò dùn mí! Mo wà lórí orúnkún méjèèjì, mo sì sọ ọ́ jáde fún ibùsùn òfìfo pé, "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi." Inú mi dùn débi pé mo sáré fẹ́ dìde. Mo yí ara láti fa ibùsùn, mo sì gbọ́ "kọ̀ọ́" nínú ara mi, kì í ṣe létí.

Ramatou ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe mi tó sì wọlé, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé orí mi sórí itan rẹ̀, ó sì kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé mi kí àwọn tó mọ̀ ọ́n tó dé. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé ìyẹn ló yọ mí. Bàbá rẹ bèèrè pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo wo iwájú ilẹ̀kùn, mo rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ìnulẹ̀ fàlà sí láàárọ̀. Mo ní, "Ilẹ̀ yọ̀." Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Mo ti ń tu ara mi nínú pé n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń nu ilẹ̀ nílé wa?

Èyí tó kù, o mọ̀ ọ́n. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n fa eegun tó yẹ̀ náà padà sí ojú ihò rẹ̀, wọ́n sì ní kí a tún bẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́ta náà láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ìwọ pe Ramatou. Ó fi fóònù náà sí gbangba nítorí ó ń fọ aṣọ lọ́wọ́, gbogbo àgbàlá ló gbọ́ ọ. O ní, "Ṣé o fẹ́ pa ìyá mi kí o lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni?" Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dúró níbẹ̀. Ramatou tí kì í pè ọ́ ní nǹkan mìíràn ju Mademoiselle lọ kò bú ọ padà. Ó ní, "Mo nu ilẹ̀ náà gbẹ." Ó tún un sọ, "Mo nu ilẹ̀ náà gbẹ." Láti ọjọ́ náà, Àdùkẹ́ di "ìwọ ìyàwó Nourou." Mo wà lórí ibùsùn, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú mi dùn. Fadila, ìyẹn ló ṣòro jù fún mi láti kọ. Inú mi dùn.

Kò fi mí sílẹ̀ o. Láràárọ̀ ni ó ń wá wẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n kí ó tó gbé mi dìde, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ káàkiri láti ẹsẹ̀ ibùsùn títí dé ẹnu ọ̀nà, á gbé ọwọ́ sókè, á wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní mo rò pé ó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún náà, mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á. Òun fúnra rẹ̀ ti ń gbà á gbọ́ pé òun ló ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí àpò aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Òun àtàwọn ọmọ ń padà lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Marabadiassa lọ́jọ́ Àìkú. Nourou kì í bá bàbá rẹ jẹun mọ́. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ ní Zone industrielle dé, yàrá ló ń wọ̀. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo ní kí wọ́n pe gbogbo wọn wá, mo sì sọ ọ́ tán láti orí àga mi. Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pe orúkọ àbísọ mi, "Sèfíyátù!" Bàbá rẹ dìde, wọ́n jáde. Nourou tẹ̀lé wọn. Mo ti kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n fúnra mi sọ ọ́ fún ọ.

Ramatou nìkan ló dúró. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ kúnlẹ̀ tán?"

Mo ní, "Mo kúnlẹ̀ tán."

"Orúnkún méjèèjì?"

"Méjèèjì."

"Ẹ wá sáré dìde." Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Bó ti bẹ̀rẹ̀ náà ló dáwọ́ dúró. Ó nu ojú, ó ní, "Mo ti gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n Mademoiselle pè mí ní apànìyàn lójú àwọn ọmọ mi. Ọjọ́ Àìkú ni mò ń lọ."

Nítorí náà ni mo fi kọ̀wé. Dírẹ́bà ọkọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la ni yóò gbé e fún ọ. Jọ̀wọ́, wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí o wá. Má pè é lórí fóònù. Kúnlẹ̀ fún un lójú àwọn ọmọ rẹ̀, kí o sì sọ pé o ṣìnà. Má sọ pé èmi ni mo tàn ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ìyẹn, èmi ti sọ ọ́. Ṣé kò ní dà bí ẹni pé ọmọ ilé ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó tí wọ́n gbé wá bá a nílé? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kúnlẹ̀ náà. Èmi ni mo yẹ kí n ṣe é, kò sì ṣeé ṣe fún mi.

Má sì rò pé owú náà ti tán. Bí ó bá dúró, màá tún gbọ́ "Àdùkẹ́ mi" láàárọ̀, yóò sì tún jó mi. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ó dúró. N kò mọ bí àwọn nǹkan méjèèjì ṣe ń gbé inú ènìyàn kan.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà bí o ṣe ń bọ̀. Kí ó má jẹ́ kí o fi ẹnu rẹ ba ohun tí ọwọ́ rẹ kò lè tún ṣe. Kí ó fún ọ ní ilé tí inú rẹ yóò balẹ̀ sí, kí ó sì jẹ́ kí ọkàn rẹ fẹ̀ ju ti ìyá rẹ lọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí ó bí ọ,
Sèfíyátù Àṣàkẹ́.

Àfikún: Bá mi mú rọ́bà ìdí ọ̀pá ìtilẹ̀ wá, ti ọ̀tún ti jẹ tán. Bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, ìyá àgbà ti wọ yàrá Ramatou, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo ń gbọ́ ohùn wọn, mo tún gbọ́ ẹ̀rín. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ ni, tàbí èmi ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Láti àga mi dé ibẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ, ọ̀pá mi sì wà níhìn-ín. Mo jókòó.