Ìdọ̀bálẹ̀ Létí Òkun

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Mo ti Èkó dé. Ẹ̀yìn yàrá tí a tẹ́ yín sí ni mo kọ́kọ́ yà kí n tó yọ bàtà lẹ́sẹ̀, àmọ́ àwọn ènìyàn ń kọjá, n kò lè máa dá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bíi wèrè. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ọmọ yín ti lọ́kọ. Ẹni tí ẹ mọ̀ náà ni, tíṣà ọmọ Ìfọ́n tó gun kẹ̀kẹ́ wá kí wa lọ́dún tí iṣu ta dáadáa. Ẹ ní kó bá yín ru iṣu láti oko wálé kí ẹ tó fún un lómi mu. Nígbà tó lọ tán, ẹ jókòó, ẹ ń yọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọrùn rẹ̀ gba ẹrù. Ẹ ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé bí ẹ ṣe máa ń gbà nìyẹn, Bàbá, àbí ẹ kàn ń yẹ ọmọ ọlọ́mọ wò ni? Kí n tó rójú bi yín, ọyẹ́ dé, ikọ́ tó gbé yín lọ bẹ̀rẹ̀.

A ṣe ìgbéyàwó náà lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ó dùn, kí n má purọ́. Ìyá mi jó títí gèlè fi tú. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àdúrà baba, àga yín ṣófo, ẹni tó yẹ kó jókòó sórí rẹ̀ dípò yín kò sì wá. Àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ọkọ̀ òkun, Bàbá Èkó, ránṣẹ́ pé àwọn ò ní àdúrà kankan láti ṣe fún ará Ìfọ́n. Ẹ mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ. Ìpín tiwọn nínú ilẹ̀ bàbá yín ló bọ́ sí ààlà Ìlobù àti Ìfọ́n, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè fi ọkọ́ kan ilẹ̀ kí ariwo má sọ. Ohun tó lé wọn dé Èkó nìyẹn. N kò lè ní wọn ò nídìí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló gbàdúrà. Àdúrà wọn gùn, ó dára, mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ ẹbí bàbá mi kankan lórí mi lọ́jọ́ náà, ó sì dùn mí dé ọkàn.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Bí mo bá fẹ́ padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ ó ní kí n kúnlẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ nu àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ itan ṣòkòtò, ẹ ó yí i padà, ẹ ó nu ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé erùpẹ̀ oko kò gbọdọ̀ bá àdúrà dé orí ọmọ. Bí ẹ tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ẹ ó nù ún. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbé e lé mi lórí, ẹ ó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn ìdákẹ́ yẹn ju àdúrà gan-an lọ. Ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ Èkó wá ńkọ́? Ọkọ mi ló kà á nínú ìwé pé tọkọtaya tuntun a máa jáde lọ gbafẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wọ́n. Họ́nímúùnù ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó tuntun tí kò tíì pọnmi fún ìyá ọkọ, tó ti ń múra àtilọ wo òkun! Mo rò pé ilé yóò gbóná. Ìyá ọkọ mi kàn ní kí n má gbàgbé ẹja gbígbẹ bọ̀ ni.

A wọ rélùwéè l'Óṣogbo. Ọkọ mi fi mí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń bó ọsàn fún mi bí ẹ ṣe máa ń bó o, tí èèpo rẹ̀ ò ní já títí dé ìsàlẹ̀. N kò sọ fún un pé ẹ̀yin ni mo ń rí.

Bàbá, Èkó dára! Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn oko tiwa tó ń ta ni lẹ́yìn. Orí omi ló ti ń tàn, gbogbo nǹkan sì ń dán. A dúró lórí afárá, a ń wo ọkọ̀ òkun tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún báyìí, ọkọ mi a sì dì mí lọ́wọ́ mú kí a tó sọdá, lójú gbogbo ayé, kò tijú. Ní ọjọ́ kan a wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Màrínà, tí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń gbé ènìyàn gòkè fúnra rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi kí n tó gùn ún. Àwọn ará Èkó bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu. Ọkọ mi wò wọ́n, ó wò mí, òun náà bá bọ́ tirẹ̀. A di bàtà wa mú lọ́wọ́, àtẹ̀gùn gbé wa lọ sókè bí ọba àti olorì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé n kò ṣi ọkọ fẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fa gbólóhùn asọ̀ láàrin wa. Láràárọ̀ ló ń bi mí ìgbà tí a ó lọ kí Bàbá Èkó. Mo ní n kò lọ. Ẹni tó kọ ìgbéyàwó mi, kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn? Ó ní sùúrù ni baba ìwà. Mo ní kó lọ fi òwe kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

“Bí wọ́n bá lé wa, kí wọ́n lé wa,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ pé a ò wá.”

Ìyẹn ni mo fi gbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi a lọ sí ilé wọn ní Èbúté-Mẹ́ta. Bàbá Èkó ò sí nílé. Ìyàwó wọn gbá mi mọ́ra, wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti kú, létí òkun ni ọkọ àwọn ń lo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ìbínú nìkan ni mo rò pé ó wà lọ́kàn wọn.

Ẹ ò bá rí òkun! Bí a bá da odò Ẹ̀rìnlẹ̀ wa sínú rẹ̀, kò ní mọ̀ pé ẹnì kan wọlé. Mo tọ́ omi rẹ̀ wò, iyọ̀ ni lóòótọ́. Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà lápá kan, àwọn alágbọn ń kiri lápá kejì. Bàbá Èkó jókòó sórí ọkọ̀ apẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀yìn ọrùn wọn jọ tiyín débi pé mo ké “Bàbá!” kí n tó mọ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn mi, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí ẹni tó tẹ̀lé mi, wọ́n sì yíjú padà sí omi.

Ọkọ mi yípo lọ síwájú wọn, níbi tí iyanrìn ti tutù. Aṣọ funfun ìgbéyàwó rẹ̀ ló wọ̀, ẹ mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn funfun tó ní Ìfọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ kú ìsinmi, sà.”

Bàbá Èkó ò dáhùn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ kì í dìde bí àgbà ò bá tíì dá a lóhùn. Ìgbì dé, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mira. Òmíràn dé, èyí ga, ó gba orí rẹ̀ kọjá, ó gbé fìlà rẹ̀ lọ. Mo sáré kúnlẹ̀ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, ó ṣì wà níbẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ nínú iyanrìn, ó ń tu omi iyọ̀ jáde.

“Ẹ kú ìsinmi, sà.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kú ni?”

“Rárá o, sà. Ìdáhùn yín ni mò ń dúró dè.”

Bàbá Èkó rí èyí tó tún ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n fò dìde.

“Dìde! Dìde kíá! Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàrin wa ti tó, ẹ má fi ti òkun kún un!”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn fúnra wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo sì rí i pé ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n bi mí bóyá ẹ mọ ọkọ mi. Mo ní ẹ mọ̀ ọ́n, ó ti ru iṣu fún yín rí.

“Ó ru iṣu ẹ̀gbọ́n mi?” Wọ́n mi orí. “Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí ẹni tí wọn ò fẹ́ràn fọwọ́ kan iṣu wọn.”

Bàbá, ṣé òótọ́ ni? Mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kí n má tíì dìde. Wọ́n nu àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ itan ṣòkòtò, wọ́n yí i padà, wọ́n nu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí erùpẹ̀ oko níbẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi ọkọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé e lé mi lórí, wọ́n sì dákẹ́ díẹ̀.

Ariwo omi ò jẹ́ kí n gbọ́ àdúrà náà tán. Àmín ni mo ṣáà ń ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọwọ́ kejì lé orí ọkọ mi, tí omi ṣì ń kán lórí rẹ̀.

Fìlà náà kò padà wá. Ẹja ìyá ọkọ mi dé ní pípé. Ẹ sùn re, Bàbá mi, mo ti rí ọwọ́ yín gbà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti ilé Ìlobù lọ sí ilé Ìfọ́n.