Nọ́ńbà Mẹ́ta Tí Ṣẹ̀fíátù Kò Rí

Ọ̀wọ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù keje, ọdún 1979.

Akínyẹlé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le, àti pé iṣu tuntun ti ń wọlé ní Òkèlúsè. Ní tèmi, ara le, ojú nìkan ló ń tì mí.

Ọmọbìnrin kan wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò, Ṣẹ̀fíátù lorúkọ rẹ̀. Jìbírílù aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí mọ́sáláṣí, ni bàbá rẹ̀. Aṣọ ni Àbẹ̀ẹ́bí, ìyá rẹ̀, ń hun. Bàbá ti búra pé bí ọmọ bá tún fìdí rẹmi nínú ìṣirò, kí ó gbé ìwé jù sílẹ̀, kí ó wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí òfì.

Nínú ìdánwò ìparí ọdún, mo ní kí wọ́n wá gbogbo nọ́ńbà tí a lè fi sí ipò x kí x³ − 3x + 1 lè di òdo. Ọmọ mẹ́fà kọ 1 àti −2, bí ó ti wà nínú ìwé ìdáhùn mi gẹ́lẹ́. Mo fún wọn ní máàkì kíkún. Ohun tí Ṣẹ̀fíátù kọ ni pé: “Mẹ́ta ni wọ́n, sà, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀kankan.” Mo rẹ́rìn-ín títí, mo fa bírò pupa sí i. Máàkì mẹ́rin ló fi fìdí rẹmi.

Ní ọjọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ìyá kúnlẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi tún un wò. Ọma mi kì í purọ́.” Ọmọ ní kí n fi 1 dán an wò. Mo fi 1 sí i, kò di òdo. Mo fi −2 sí i, kò di òdo. Òógùn bò mí! Nígbà tí mò ń kọ ìbéèrè sórí sìtẹ́ńsùlù tí a fi ń tẹ ìwé ìdánwò, 1 ni mo kọ sí ìparí dípò 2. Àṣé àwọn mẹ́fà yẹn ti há ìdáhùn ìbéèrè àtijọ́ tó parí sí 2 sórí ni.

Mo bi í bí ó ṣe mọ̀ pé mẹ́ta ni. Ó ní òun fi −2 sí i, ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ òdo. Òun fi 0 sí i, ó gòkè. 1 dá a padà sí ìsàlẹ̀. 2 tún gbé e gòkè. Ó ní, “Sà, bí òwú bá hàn lójú aṣọ níhìn-ín, tí ó hàn lẹ́yìn aṣọ lọ́hùn-ún, ó ti gba inú rẹ̀ kọjá nìyẹn. Màmá mi kì í tú aṣọ kí ó tó mọ̀.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọjá, èmi fúnra mi ni mo sì kọ́ wọn pé irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kì í ní ju ìdáhùn mẹ́ta lọ. Ìyókù, Akínyẹlé, n kò kọ́ ọmọ náà! Orí ọmọ yìí pé ju tèmi lọ, mo sì sọ ọ́ sí i létí. Ìyá rẹ̀ ló ń tù mí nínú pé àṣìṣe kò kan ọgbọ́n.

Mo gba ṣọ́ọ̀bù Jìbírílù lọ tààrà. Níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ ni mo ti sọ pé èmi ni mo ṣì í, pé ọmọ rẹ̀ ló gbà á, ó sì ti yege. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Yúnífọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀mù Fáìfù ni, ó ti rán an tán kí èsì tó jáde, bọ́tìnnì nìkan ló kù. Gbogbo ìbúra yẹn! Ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gán bọ́tìnnì níṣojú mi.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa gbọ́n jù wá lọ, kí ó sì fún wa ní ojú tí a ó fi rí i nígbà tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ojú ń tì, tí inú rẹ̀ sì ń dùn,
Rufus.

Mo tún rántí: Àwọn mẹ́fà yẹn yóò tún ìdánwò ṣe ní ọjọ́ Ajé. Ṣẹ̀fíátù ni mo ní kí ó bá mi yẹ ìbéèrè wò.