Ẹja Ọmọ-Ọwọ́ Ni, Kì í Ṣe Ọ̀nì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Èmi Màtíásì ọmọ yín ni mo dọ̀bálẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà níbí. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ẹkún tí mo gbọ́ pé ẹ ń sun nítorí mi. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Tèrésà, mo kí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo kí gbogbo àgbà ilé wa ní Gbaffo, lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo ti bẹ olùkọ́ ilé ìwé wa pé kó ka lẹ́tà yìí sókè lábẹ́ igi, níwájú gbogbo èèyàn. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ pé ọ̀nì gé ọwọ́ mi jẹ. Ó yẹ kí gbogbo ìlú náà gbọ́ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Méjèèjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ní ọ̀nì gbé mì ni mo fi ń kọ eléyìí.

Tèrésà kọ̀wé sí mi pé awakọ̀ kan tó ń lọ sí Parakou dúró ra gààrí lọ́wọ́ òun ní Paouignan, ó sì ń sọ ọ́ bí ìròyìn pé ọmọ Ìdáàṣà kan wà ní Ṣáínà tí kò lápá mọ́. Kò mọ̀ pé àbúrò ẹni tó ń wọn gààrí fún òun ni. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Isíàká, ọmọ aláṣọ inú ọjà Dassa tí a jọ ń kàwé níbí, lọ lo ìsinmi nílé. Ó búra fún mi pé ohun tí òun sọ fún bàbá òun kò ju pé ẹranko kan bù mí jẹ nínú omi. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹranko ti di ọ̀nì. Kó tó dé Paouignan, apá ti lọ. Mi ò bínú sí Isíàká. Mo kàn dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò dé Savè, nítorí bó bá dé ibẹ̀, wọn ì bá ti sin mí.

Àmọ́ Tèrésà tún ní ẹ ti lọ bá délégé, aṣojú ìjọba ní abúlé wa, pé kó kọ̀wé sí Kútọnu, kí ìjọba dá mi padà wálé. Ìyẹn ló mú kí n tètè mú bíírò. Ẹ jọ̀ọ́, kí délégé tó lu òǹtẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nípa ẹja sísìn ni ìjọba rán mi wá kọ́. Lọ́dún kejì, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ àgbà ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Liu. Ẹranko kan ni Ọ̀gá Liu ń wá nínú àwọn odò orí òkè. Kì í ṣe ẹja, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláǹgbá, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìrù. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àwo, ojú rẹ̀ kéré bí èso ata, awọ ara rẹ̀ hunjọ ó sì ń yọ̀ bíi ti ẹja àrọ̀. Àgbà inú wọn lè gùn tó ẹsẹ̀ èèyàn. Wọ́n ní igbe rẹ̀ dà bí igbe ọmọ tuntun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ẹja ọmọ-ọwọ́.

Odò tútù ló fẹ́ràn. Bàbá, ẹ kò tíì rí omi tútù. Bí mo bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ á máa ta mí, tó bá yá mi ò ní mọ̀ bóyá mo lẹ́sẹ̀ mọ́. Ṣòkòtò méjì ni mo ń wọ̀ lábẹ́ bàtà rọ́bà tó gùn dé àyà. Mẹ́ì, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èmi nìkan ni mo ń gbàdúrà kí n tó wọ odò. Kò purọ́.

Ilé ìyá arúgbó kan ní etí odò la wọ̀ sí. Àwọn ọmọ abúlé náà a máa fi aṣọ tútù nu apá mi, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá dúdú rẹ̀ á ṣí. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sí ẹnì kan tó gbọ́ èdè wa, kò sì sí iyán. Ní ọjọ́ tí ẹ̀yin ń gun òkè Arigbo lọ bá Màríà lóṣù kẹjọ, mo jókòó sórí òkúta, mo sì ń kọ orin Màríà sókè kí ọkàn mi lè wà lọ́dọ̀ yín. Ìyá arúgbó náà sáré gbé omi gbígbóná tọ̀ mí wá. Ó rò pé inú ló ń run mí.

Nígbà tí Ọ̀gá Liu wà léwe, ẹja ọmọ-ọwọ́ pọ̀ nínú odò náà. Lẹ́yìn náà ni àkókò kan dé tí ìjọba wọn ní kó fi ìwé sílẹ̀, kó lọ máa sin ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi sin ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tó padà, àwọn aláṣẹ fún un ní oṣù kan péré láti fi wá ẹranko náà. Bí a kò bá rí ẹyọ kan, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹranko náà ti tán níbẹ̀, wọn yóò fọ́ àwọn òkúta odò láti fi ṣe ọ̀nà, Ọ̀gá Liu yóò sì lọ jókòó sílé. A yí òkúta fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akàn la rí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún tí mo fi jókòó sinmi níbi tí àwọn òkúta ńláńlá gorí ara wọn, bí àwọn tó wà lẹ́yìn ilé wa gẹ́lẹ́. Ihò pọ̀ ní ìsàlẹ̀ wọn nínú omi. Ewé àti ẹrẹ̀ ti dí ẹnu gbogbo wọn, àfi ọ̀kan. Ẹnu ti ọ̀kan yẹn mọ́ tónítóní, iyanrìn tuntun sì wà níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí ẹnì kan gbálẹ̀ sí ìta. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní oko Gbaffo pé ihò òkété tí ẹnu rẹ̀ bá mọ́, onílé wà nílé. Mo pariwo pe Ọ̀gá Liu. Ó dáhùn láti ìsàlẹ̀ odò pé kí n dúró, kí n má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀bi mi rèé: mi ò dúró. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nǹkan náà gbá ọwọ́ mi mú bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá pa dé. Eyín rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ bí ojú ayùn. Mo ké pe yín, mo ké pe ìyá mi tó ti lọ, mo ké pe gbogbo ẹni mímọ́ tí mo mọ orúkọ wọn. Ọ̀gá Liu sáré dé, ó ní kí n má fà á, pé bí mo bá fà á, ẹran ọwọ́ mi ni yóò kù sẹ́nu rẹ̀. Mẹ́ì di ẹ̀yìn mi mú, ó sì ń ka nọ́ńbà sókè ní èdè wọn, oókan, eéjì, kí ọkàn mi lè kúrò lára ìrora. Ó ti kà kọjá igba kí ẹranko náà tó la ẹnu fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá Liu kò wo ọwọ́ mi. Ó dojú bolẹ̀ sínú omi tútù yẹn, ó fi tọ́ọ̀ṣì àti díńgí wo inú ihò. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a rò pé ó ti dákú. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó na díńgí sí mi kí n wò ó. Ẹyin ló kún inú ihò, wọ́n so mọ́ra wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ rosárì, ẹranko gígùn kan sì ká yí wọn ká. Akọ ni. Abo máa ń yé ẹyin ni, á sì lọ. Akọ ló ń ṣọ́ wọn, tó ń fi ìrù fẹ́ omi sí wọn. Ìdí nìyẹn tó fi bù mí jẹ.

Mo jókòó sórí òkúta, ẹ̀jẹ̀ ń kán lọ́wọ́ mi, mo sì sọ ìtàn yín fún wọn. Mo ní nígbà tí ìyá wa kú, Tèrésà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi jẹ́ mẹ́rin, àwọn ẹbí sì ní kí ẹ pín wa fún àwọn tó lè tọ́ wa. Mo ní ẹ kọ̀. Mo ní ẹ pọ̀n mí lọ sóko, ẹ sì ń di irun Tèrésà fúnra yín, kì í sì í gún. Mẹ́ì ń nu ojú. Ó ní òtútù ni.

Wọ́n rán ọwọ́ mi ní ojú mẹ́rin ní ilé ìwòsàn. Ọ̀gá Liu bú mi láti odò títí dé ibẹ̀, lẹ́yìn náà ó ra ọbẹ̀ gbígbóná fún mi, ó sì bú mi títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Àwọn aláṣẹ rán ẹnì kan wá wo ihò náà. Wọ́n ti gbà pé kí wọ́n má fọ́ òkúta náà mọ́, wọ́n sì fún Ọ̀gá Liu ní ọdún méjì sí i. Ó fẹ́ kí n bá òun ṣe é. Bàbá, bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀ nílé, màá bọ̀, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fi orí balẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n dúró. Ẹ bá mi sọ fún délégé pé kó fa ìwé rẹ̀ ya, kó fún mi ní ọdún méjì yìí. Ẹ kí i dáadáa o, ẹ ní Màtíásì fi ìkíni ìjọba wa kí i pé: Ehuzu dandan.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá rí ihò ló ń sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé wọn. Wọ́n rò pé Dassa, orúkọ ìlú wa, ni màá sọ. Mo ní Ìdòwú, orúkọ bàbá mi. Ọ̀gá Liu bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mo ní ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì ni. Inú rẹ̀ dùn. Àmì mẹ́ta ló fi kọ ọ́ ní èdè wọn, ó sì rọrùn lẹ́nu wọn ju orúkọ tèmi lọ. Bí a bá ń jáde láàárọ̀, ìyá arúgbó náà á bi wá pé ṣé ọ̀dọ̀ Ìdòwú la ń lọ.

A lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Àwọn ọmọ ti jáde nínú ẹyin, wọ́n kéré bí ìka ọmọdé, wọ́n ń rìn gbéregbère lórí iyanrìn. Bàbá wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa, Bàbá. Iṣu yín á ta, òjò á rọ̀ lásìkò, ẹ kò ní gbọ́ ìròyìn burúkú mọ́, yálà òótọ́ ni tàbí irọ́. Ẹ bá mi kí ará Gbaffo, ẹ kí ará Paouignan, ẹ kí bàbá Isíàká nínú ọjà, ẹ ní mo kí i tọkàntọkàn.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìfẹ́,
ọmọ yín,
Màtíásì Ìdòwú