Ihò Bọ́tìnnì Ń Fu Mí Lára

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Mo fúnra mi de gbogbo bọ́tìnnì èwù mi láàárọ̀ yìí. Láti ìgbà tí àìsàn Pákínsìn ti ń gbọn ọwọ́ mi, ìyàwó mi ló ń bá mi dè é. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ní eré ìdárayá ló ṣe é, pé bí mo ṣe ń gbẹ́sẹ̀ sókè bí ẹni ń rékọjá ebè iṣu, tí mo sì ń na ìka, ló ń jẹ́ kí ara mi rọ̀.

Irọ́ ni. Télọ̀ ni ìyàwó mi.

Mo ní, “Ìyá Ṣadé, jẹ́wọ́! O ti fi abẹ fẹ ihò bọ́tìnnì yìí lójú.”

“Ẹ gbọ́ ẹ̀sùn! Bàbá Ṣadé, ẹ lọ gbẹ́sẹ̀ yín sókè jàre!”

Ó wá ń rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ẹ̀tàn ni, mo jáwọ́ nínú eré náà nìyẹn.

Nígbà tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo yọ èwù kan tí télọ̀ mìíràn ní Ìdòfin rán fún mi nínú àpótí mi, mo sì wọ̀ ọ́. Ìyá Ṣadé ò fọwọ́ kàn án rí. Ìka mi gbọ̀n títí, àmọ́ gbogbo bọ́tìnnì wọlé.

Mi ò sọ fún un. Lọ́la màá gbẹ́sẹ̀ ju ti òní lọ, màá sì máa ráhùn gidi, kó má baà fi mí ṣẹ̀sín.