Ṣáláńgá Tuntun Tí A Kò Tíì Ṣí

Abúlé Fátókí,
Ẹ̀gbẹ́ Ayépé, Ìjẹ̀bú.
Oṣù Kẹwàá, 1988.

Simeon ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Edith ìyàwó wa le? Mọ́ṣádé ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń fi ìdí wọ́? Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí ọmọ rẹ nínú fọ́tò yóò jẹ́ kí n gbé e pọ̀n kí ẹ̀yìn mi tó kọ̀ mí. Àmín. Ní tiwa níhìn-ín, a wà, bàbá rẹ wà, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, ọ̀kan kú, èyí tó kù ń jẹ àgbàdo tí mo sá sóòrùn.

Màá fẹ́ kí o mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Tíṣà Gilbert tó ń kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà ló máa ń bá mi kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń kà á sókè kí ó tó lẹ̀ ẹ́, tí gbogbo abúlé á sì gbọ́, ọ̀rọ̀ tí mo ní lónìí kì í sì ṣe ti gbogbo abúlé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì tí a kó kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde wá sí ìlú àwọn baba wọn, n kò tíì ní ẹni tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ inú. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo ń jókòó sí ní kíláàsì náà, ojú máa ń tì mí láti dáhùn ìbéèrè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí n kì í rí láti ẹ̀yìn yẹn.

Lẹ́tà tí ìyàwó wa kọ lọ́jọ́sí dé ọwọ́ wa. Ó ní òun kò ní gbé Mọ́ṣádé wá sí abúlé àfi bí a bá ń mu omi tó mọ́, tí a sì ń lo ṣáláńgá tó ṣeé wọ̀. Inú kò bí mi. Nọ́ọ̀sì ni, ohun tó ń rí ní ọsibítù ló ń sọ. Bàbá rẹ ló bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní ìyàwó àwọn ti pe àwọn níjà, àwọn yóò sì jà á.

Orí omi ni a ti bẹ̀rẹ̀. Má rò pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú omi o. Ní ayé ìyá mi, wọ́n máa ń to ìkòkò sẹ́yìn ilé, bí ẹrẹ̀ bá ti sílẹ̀ nínú ọ̀kan, wọn a rọra da ojú omi náà sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá ni álọ́ọ̀mù dé, a ó fi ro omi yí po bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, ìdọ̀tí a sì wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn wolé-wolé ayé òyìnbó dé tàwọn ti ṣòkòtò kúkúrú kakí, wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò oníkòkò. Bí wọ́n bá rí tanwíjí kan péré tó ń jó nínú omi, wọn a da omi náà nù, wọn a fa bàbá ilé lọ sí kóòtù. Bàbá mi sọ fún kóòtù pé omi tí kòkòrò pàápàá kò lè gbé inú rẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe? Kóòtù kò gbà pẹ̀lú wọn.

Wolé-wolé tiwa báyìí, Theophilus ni orúkọ rẹ̀, kò ju ẹgbẹ́ rẹ lọ, láti Odogbolu ló ti ń gun alùpùpù wá. Ó ní sobìà tó dá àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ ní èṣí, inú omi odò ni a ti gbé e mì. Ó fún ilé kọ̀ọ̀kan ní aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pé ká máa fi sẹ́ omi mímu. Aṣọ náà dára ju èyí tí a fi ń sẹ́ ògì lọ, ó dára débi pé Àmọ̀kẹ́, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, fi tirẹ̀ rán fìlà tí ọmọ rẹ̀ fi ṣe ìsàmì. Nígbà tí Theophilus padà wá béèrè aṣọ, ọmọ ni wọ́n gbé jáde fún un.

Èmi fi tèmi sẹ́ omi, mo tún ń sè é títí yóò fi hó, bí ìyàwó wa ti wí. Gàrí ló dá wàhálà sílẹ̀. O mọ̀ pé bàbá rẹ kò lè ṣe kí wọ́n má mu gàrí lọ́sàn-án, omi sísè kì í sì tètè tutù. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tó yẹ kó máa dún lábẹ́ eyín, bí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá kàn án, á di ẹ̀bà tí kò délé. Ni mo bá ń bu omi odò tútù díẹ̀ lé e lórí kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Mo fi yangàn fún Theophilus. Ó jókòó sórí ìdì igi ìdáná mi, ó ní ṣé mo mọ̀ pé ìgbà tí mo lé sobìà jáde tán ni mo tún ní kó wọlé. Mo ní omi díẹ̀ ni, pé èyí tí a sè pọ̀ jù ú lọ, yóò borí rẹ̀. Ó wá ní kí n máa sè é sílẹ̀ lálẹ́ kí ó lè tutù dọ̀la. Ìyẹn ni mo ń ṣe báyìí, gàrí bàbá rẹ sì ń dún. Kí ló dé tí kò fi sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ó wá kù sí ṣáláńgá. Bàbá rẹ fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n gbé ọṣẹ tuntun síbẹ̀, wọ́n tún fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ògiri. Àlejò kan kí wa pé a kú orí ire ilé tuntun. Wọ́n wá ra àgádágodo wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n tì í, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Wọ́n ní àwọn ará Ìjẹ̀bú kì í wọ ilé tí wọn kò tíì ṣí, pé ìyá Mọ́ṣádé ló béèrè fún un, òun ni yóò wá gé rìbọ́ọ̀nù rẹ̀. Wọ́n ti so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n sì ti ní kí Baba Ògúnkọ̀yà ṣe alága ọjọ́ náà. Kí ó tó dìgbà yẹn, kí oníkálukú máa lọ sínú igbó.

Wọ́n ní kí Gilbert kọ èyí sí ìyàwó wa. Ìyàwó wa dáhùn pé òun kò ní gbé ọmọ òun wá síbi tí wọ́n ti ń tò sí igbó. Theophilus náà dé, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, ó bi bàbá rẹ pé, “Bàbá, ta ni ẹ kọ́ ọ fún?” Wọ́n ní fún ìyàwó ilé. Ó ní bí òun bá padà wá ní Sátidé ìgbálẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, tí òun bá a ní títì, sàmáńsì ni. Ṣé o rí i? Edith kò ní wá àfi bí a bá ń lò ó, bàbá rẹ kò ní jẹ́ ká lò ó àfi bí Edith bá wá, bí a kò bá sì lò ó, bàbá rẹ ń lọ sí kóòtù bíi ti bàbá mi, n kò sì ní rí Mọ́ṣádé.

Gbọ́ ohun tí mo fi fi Gilbert sílẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ gan-an láti ọjọ́ yìí. Láràárọ̀, bàbá rẹ á gbé ọkọ́, wọ́n á ní igbó ni àwọn ń lọ. Ẹsẹ̀ wọn kì í ní ẹrẹ̀ bí wọ́n bá padà dé, koríko kì í lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò wọn. Èmi ni mo bá wọn ta rìbọ́ọ̀nù yẹn bí òdòdó, nígbà tí mo tún wò ó, ó ti di kókó tí wọ́n fi ń so iṣu mọ́ ọ̀pá. Láàárọ̀ àná ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ilé, lápá ibi tí ṣáláńgá wà, ohùn tó ń kọ ọ́ nínú akọrin nígbà tí mo wà ní omidan ni.

Nítorí náà sọ fún ìyàwó wa pé a ń lo ṣáláńgá, òtítọ́ ni. Kí ó tètè wá gé rìbọ́ọ̀nù kí Sátidé yẹn tó pé. Bí ó bá wọlé tó rí i pé kì í ṣe tuntun mọ́, kí ó kàn yin sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ìwọ náà má rẹ́rìn-ín, torí bí ojú bá ti bàbá rẹ, igbó gidi ni wọn yóò padà sí.

Fi owó díẹ̀ rán Ràsákì awakọ̀ sí mi, kí n fi ra ọṣẹ mìíràn, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì yẹ kí alága bá a bẹ́ẹ̀. Má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Àgádágodo tuntun máa ń ní kọ́kọ́rọ́ méjì, bàbá rẹ sì gbàgbé èkejì sínú páálí rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni kàlẹ́ńdà ibẹ̀ wà, èmi ni mo ṣí i sí Oṣù Kẹwàá. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan báyìí, bàbá rẹ kò tíì béèrè ẹni tó ṣí i. Bí wọn yóò ṣe béèrè ni n kò mọ̀.

Omi tí wàá mu kò ní di àìsàn sí ọ lára, ilé rẹ kò ní gbẹ, ọmọ rẹ yóò sì mọ ojú mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Susannah Fátókí