Ìwé Tó Wà Lókè Ilẹ̀kùn Pálọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí í gbóòórùn lẹ́tà kó tó ya á,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi ń kéde fún yín pé bútà àlùwàlá yín, onítáńgánran aláwọ̀ ewé nì, pàdánù ọwọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́bàá ẹ̀rọ omi ní àgbàlá. Ó fi ìdérí kan àti ẹnu tó wọ́ díẹ̀ sílẹ̀ sáyé lọ. Àwọn ará ilé ti wá kí mi. Ìyá Délé, ayálégbé wa tó ń se ìrẹsì tà fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ní kí n gbà á bí Ọlọ́run ṣe gbà á. Mo ti fi wáyà dè é, àmọ́ kò rí bí ó ṣe rí mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó báyìí ní láti gbá a lọ́rùn mú bí ẹni mú olè.

Ìròyìn kejì ni pé ẹ ti kú. Ẹ mọ ìyẹn ṣáájú mi. Gbogbo Sabon Gari, ní Kano níbí, ló mọ̀ ọ́n ṣáájú mi.

Kátúúmù ni mo wà, ní Sùdáànì, ní ilé Hájà Batúùlù tí ilé ẹ̀kọ́ fi mí sí lọ́dọ̀ fún ọdún kan kí n lè máa gbọ́ èdè Lárúbáwá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú ilé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wáyà tí àbúrò yín tẹ̀ ránṣẹ́ ti bá mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Ara Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ yá, máa bọ̀. Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ̀ pé bí ara bàbá ènìyàn kò bá yá lóòótọ́, wọn kì í sọ fún ẹni tó wà lájò. Ìgbà tí àìsàn bá ti parí ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Hájà béèrè ohun tí wáyà wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ṣí aṣọ ìbora rẹ̀, ó fi bo orí àwa méjèèjì.

Ọjọ́ kejìlá tí ẹ ti wà nílẹ̀ ni mo tó dé. Wọ́n ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ti pín sàárà, wọ́n ti fọ ìkòkò.

Àmọ́ kì í ṣe ti ikú ni mo jókòó láti kọ. Ti ìwé tó wà lókè ilẹ̀kùn pálọ̀ ni.

Ẹ rántí bí ó ṣe dé ilé. Ọ̀rẹ́ yín kan tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní rélùwéè lọ sí Mẹ́kà, ó mú dàbínù bọ̀ fún yín. Ìwé kan tó ń dán ni wọ́n fi dì í, ó ní ìlà aláwọ̀ wúrà létí, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. A jẹ dàbínù náà tán lọ́jọ́ kan. Ìwé yẹn ni ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rún. Nínú ilé wa, wọn kì í sọ ìwé tó bá ní Lárúbáwá lára sí ààtàn, wọn kì í sì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá orúkọ Ọlọ́run wà níbẹ̀? Ẹ gbé e lọ bá onígíláàsì ní Gwagwarwa, ó ṣe férémù dúdú fún un, ẹ sì gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn. Àáfà Sálíù, ará ilé kejì, wá wò ó. Ó fi ohùn dídùn kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí kò sí lẹ́tà Lárúbáwá tí Àáfà kò lè kà. Ìtumọ̀ nìkan ni kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àdúà ńlá ni. Ó ní ó ń lé àwọn ọ̀tá tí ojú kò rí.

Láti ọjọ́ náà, fún ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò rí àárọ̀ kan tí ẹ kò ṣe é. Ẹ ó jáde láti yàrá, ẹ ó na ọwọ́ sókè, ẹ ó fọwọ́ kan férémù náà, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ojú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ ó gbé bútà, ẹ ó bọ́ sí àgbàlá lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo kéré, ẹ máa ń gbé mi sókè kí èmi náà lè fọwọ́ kàn án. Mo ṣì rántí bí ọwọ́ yín ṣe máa ń rùn, gírísì àti ọṣẹ.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ sẹkitérì ní pólì, tí mo rí àyè lọ kọ́ Lárúbáwá, àwọn ènìyàn ń béèrè ohun tí ọmọbìnrin tó ti mọ táìpù fẹ́ fi Lárúbáwá ṣe. Èmi àti ẹ̀yin mọ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ẹ gun orí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín tó ń dùn yín, ẹ gbé férémù náà sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì mú mi jókòó kí n dà á kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Kéwú tí mo kà ní kékeré kò ju kí n mọ orúkọ lẹ́tà lọ, nítorí náà mo yà á bí ẹni ń ya ràkúnmí tí kò rí rí. Ẹ dúró lẹ́yìn mi títí mo fi parí. Ẹ kò fẹ́ tùràrí, ẹ kò fẹ́ aṣọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ fẹ́, kí n má fo ọ̀rọ̀ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Lárúbáwá ṣe rí fún yín. Èyí tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì kò ṣeé fi béèrè iyọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo béèrè iyọ̀ nídìí oúnjẹ, ọkọ Hájà bi mí bóyá òjò yóò rọ̀ lọ́la, torí bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò ni mo ń sọ̀rọ̀. Hájà ló kọ́ mi ní èdè ènìyàn. Bí ó bá ti ń tẹ́ ìyẹ̀fun pípò sórí irin gbígbóná láti fi ṣe búrẹ́dì wọn tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ, á máa pe ọ̀rọ̀, èmi náà á máa pè é tẹ̀ lé e. Ó pè mí ní ọmọ òun níwájú àwọn àlejò. N kò sọ èyí fún yín nígbà náà, kí ẹ má baà jowú.

Ní oṣù karùn-ún, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi kalẹ̀ níwájú rẹ̀, torí ohun tí mò ń rí kà níbẹ̀ kò yé mi. Hájà kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó wò mí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó dìde, ó wọ ilé ìdáná, ó sì gbé agolo kan jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára agolo yẹn, ìlà aláwọ̀ wúrà sì yí i ká, àfi pé agolo ní àwòrán tí tiwa kò ní: aáyán kan tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tó ká ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sókè bí ẹni ń ṣe àmín.

Oògùn aáyán ni, Bàbá. Àwọn ọlọ́jà Mẹ́kà máa ń fi ìwé tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ ṣẹ́kù di ọjà, bí àwọn ẹlẹ́pà wa ṣe ń fi ìwé ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ di ẹ̀pà. Àáfà Sálíù kò sì purọ́ pátápátá. Aáyán kò gbé pálọ̀ wa rí.

Hájà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin sí yín. Ojú ìwé kìn-ín-ní, ìkíni. Mẹ́ta tó kù, yẹ̀yẹ́. Mo ya aáyán náà síbẹ̀, mo wé láwàní fún un, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Àlàájì Aáyán rèé, ẹni tó dé Mẹ́kà ṣáájú Bàbá Rélùwéè, orúkọ tí àdúgbò fi ń pè yín. Mo fi ránṣẹ́, inú mi ń dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wáyà dé.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò. Ṣé lẹ́tà yẹn dé kí ẹ tó kú? Ẹ fẹ́ lọ Mẹ́kà ní gbogbo ayé yín, ẹ kò rí i lọ. Ìwé yẹn ni Mẹ́kà yín. Ṣé mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ létí yín lórí ibùsùn àìsàn? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà náà ti sọnù lọ́nà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣòro fún lẹ́tà ní ìlú wa.

Láti ìgbà tí ojú yín ti di bàìbàì, Ìyá Délé ló ń ka lẹ́tà fún yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí i ká. Mo bá a ṣa òkúta nínú ìrẹsì, mo bá a fọ abọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó sú mi.

"Ìyá Délé, lẹ́tà tí mo kọ gbẹ̀yìn, ṣé ó dé?"

"Èwo nínú wọn? Lẹ́tà tìrẹ náà pọ̀ jù. Ṣé wọn ò fún yín níṣẹ́ ṣe níbẹ̀ ni?"

"Èyí tó ní àwòrán aáyán."

Ó gbé ṣíbí ìrẹsì sílẹ̀. Ó wọlé, ó gbé Bíbélì rẹ̀ jáde. Lẹ́tà mi wà láàárín rẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀.

"Ọjọ́bọ̀ ló dé. Bàbá Rélùwéè ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n ní, 'To, ó dáa, kà á.' Mo ka ojú ìwé kìn-ín-ní. Mo ṣí èkejì, mo rí aáyán tó wé láwàní. Wallahi, kíá ni mo pa ìwé náà dé."

Ẹ mọ̀ ọ́n. Àládùúrà ni, aṣọ funfun ló ń wọ̀, kì í wọ bàtà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ Kano ni wọ́n bí i sí, bí ẹ̀rù bá ti bà á, wallahi ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Mo ka Sáàmù tí mo mọ̀ sórí fún wọn. Mo ní ohun tó wà nínú ìwé ara ògiri yẹn nìyẹn."

"Wọ́n gbà á gbọ́?"

Ó ń fi ọwọ́ nu èèpo Bíbélì náà, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀.

"Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n wá ní, 'Haba, Ìyá Délé. Ọmọ mi kọ́ ló kọ èyí. Ọmọ mi ò lè kọ ojú ìwé mẹ́rin kó má sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Wò ó dáadáa, ibo ló ti ń ṣe yẹ̀yẹ́?' Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n tún wò ó. Mo ní Bàbá, kò sí o. Wọ́n ní, 'To. Kí ni wọ́n fi ọmọ mi ṣe níbẹ̀?' Wọ́n kọjú sí ògiri."

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ẹ lọ.

"Mo rò pé dáadáa ni mò ń ṣe," Ìyá Délé wí.

"Dáadáa lẹ ṣe."

"Irọ́ lò ń pa fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Bàbá mi, ẹ̀rù ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló ń bà mí láti Kátúúmù títí dé Kano. Mo bẹ Ọlọ́run kí ẹ má gbọ́ yẹ̀yẹ́ náà, ó sì gbọ́ tèmi. Àdúà mi kan ṣoṣo tó gbà lọ́dún yẹn nìyẹn. Ẹ béèrè mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní n kò sí níbẹ̀. Ẹ lọ pẹ̀lú èrò pé ilẹ̀ òkèèrè ti sọ mí di ènìyàn jẹ́jẹ́.

Ṣé ẹ ó bínú ni ká ní wọ́n kà á? Ṣé ẹ ó gun àga, kí ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀? Tàbí ẹ̀rín yín tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti èjìká ni yóò dé, tí ẹ ó ní kí Ìyá Délé tún ibi aáyán kà? Mo mọ èyí tó dá mi lójú. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jáde láti yàrá, ọwọ́ mi sì nà sókè fúnra rẹ̀. Mo ti ga tó o báyìí, kò sí ẹni tó ní láti gbé mi. Mo fọwọ́ kan férémù náà, mo fi pa ojú. Mo gbé bútà, mo bọ́ sí àgbàlá. Ìdí ẹ̀rọ omi ni ẹkún ti ká mi mọ́, ibẹ̀ ni bútà ti bọ́. Ẹ dárí jì mí nítorí bútà.

Mo ti fi ẹ̀rọ táìpù kọ ìtumọ̀ tí mo ṣèlérí fún yín sábẹ́ lẹ́tà yìí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. N kò fo ọ̀rọ̀ kankan. Férémù náà ṣì wà níbi tí ẹ gbé e kọ́ sí. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti máa rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe dúró dè mí.

Èmi ọmọ yín ni, tí wọn kò fi nǹkan kan ṣe níbẹ̀, ẹlẹ́yẹ̀yẹ́ yín síbẹ̀síbẹ̀.

ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO ẸNI TÓ Ń LO OÒGÙN YÌÍ
Ó ń pa aáyán, ìdun àti èèrà. Ẹ mi agolo rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó lò ó. Ẹ gbé e sí òkè, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ. Bí ó bá kan ọwọ́ tàbí ojú, kí a fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa kò ní dáhùn fún ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá lò ó fún iṣẹ́ mìíràn.